Ẹ jẹ́ ká kọ́ àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní eré ṣíṣe, kó má jẹ́ àkọ́sórí lásán

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ìròyìn. Olùkọ́ àti òṣèré ni àwa tí a kọ lẹ́tà yìí, àárín àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ìyẹn ilé-ẹ̀kọ́ girama, ní Kétu ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ àti agbègbè rẹ̀ ni iṣẹ́ wa wà. Àsìkò ọjọ́ àṣà ilé-ẹ̀kọ́ tún ń sún mọ́lé. Ohun tó sì ń ṣẹlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ni pé nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni wọ́n á tó pín eré elédè Faransé kan fún ọmọ mẹ́wàá. Wọ́n á kọ́ ọ sórí, wọ́n á tò sílà kan níwájú àwọn òbí, wọ́n á máa gba maikirofóònù lọ́wọ́ ara wọn, oníkálukú á ka tirẹ̀ tán, á sì dúró gbagidi títí yóò fi tún kàn án. Àwọn òbí á pàtẹ́wọ́, nítorí ọmọ wọn ni. Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn ò tíì kọ́ eré. Ó kọ́ ìwé sórí ni, kò sì ní pẹ́ gbàgbé rẹ̀.

Eré kì í ṣe àjèjì sí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ wa. Ní ọdún 1933, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti Dàhòmì (orúkọ tí Bẹ̀nẹ̀ ń jẹ́ nígbà náà) lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ William Ponty ní Sẹ̀nẹ̀gàl gbé eré kan jáde lórí ìpàdé ọba Béhanzin àti Bayol, aṣojú ìjọba Faransé. Nígbà tó di 1937, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ náà gbé eré wọn dé Paris, eré tó ti ọwọ́ àwọn ọmọ Dàhòmì jáde sì wà lára ohun tí wọ́n ṣe níbẹ̀. Iṣẹ́ ìsinmi tí ilé-ẹ̀kọ́ yẹn máa ń fún wọn ni pé kí wọ́n lọ bi àwọn àgbà ilé wọn ní ìtàn àti àṣà, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Inú irú ohun bẹ́ẹ̀ ni eré wọn ti ń jáde. Níhìn-ín ní Kétu, a tún ní Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO kéde ní 2001, tó sì fi sínú àkójọ ogún àṣà aráyé ní 2008 lórúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Ọmọ tó bá ti jókòó wo Ẹ̀fẹ̀, eré òru Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ní òru kan ti rí bí ẹnì kan ṣe lè di odidi ọjà mú pẹ̀lú ohùn, orin àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Èyí tó kù ni kí ilé-ẹ̀kọ́ kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ẹgbẹ́ tó rọrùn láti kọ́ ni ti ọmọ 16 sí 20. Bí wọn ò bá tó 12, ọjọ́ tí ọmọ mẹ́ta bá ṣàìsàn, iṣẹ́ dúró nìyẹn. Bí wọ́n bá ju 24 lọ, ìdajì wọn á máa jókòó wòran, ibẹ̀ ni ariwo ti ń bẹ̀rẹ̀. Wákàtí kan ààbọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ dára ju wákàtí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan lọ, torí ara ọmọ kì í gbàgbé ohun tó bá ń padà sí lemọ́lemọ́. Ọ̀sẹ̀ 12 tó. Kí wọ́n ti bẹ́ǹṣì sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, kí wọ́n gbálẹ̀ dáadáa, kí olùkọ́ fi ojú ara rẹ̀ wá ìṣó àti àfọ́kù, nítorí ẹsẹ̀ lásán ni àwọn ọmọ máa fi ṣiṣẹ́.

Èémí ni ìbẹ̀rẹ̀. Kí ọmọ dùbúlẹ̀ sórí ẹní, kó kọjú sókè, kí wọ́n gbé ìwé kan lé e níkùn. Bó bá mí sínú, ìwé yẹn ló gbọ́dọ̀ gbéra. Èjìká kò gbọdọ̀ mira, torí ẹni tó bá ń fi èjìká mí, òkè àyà nìkan ni èémí rẹ̀ ń dé, ọ̀fun rẹ̀ á le, ohùn rẹ̀ á sì há kí eré tó dé ìdajì. Kó máa fa èémí wọlé bó ti ń ka 1 dé 4 sínú, kó wá tú u síta pẹ̀lú ìró «sss» títí yóò fi ka 8. Ní ọ̀sẹ̀ kejì kó di 12, ní ọ̀sẹ̀ kẹrin kó di 16. Bí òòyì bá ń kọ́ ẹnikẹ́ni, ó ti fa èémí jù ni. Kó jókòó, kó máa mí bó ti ṣe ń mí tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni kí wọ́n dìde, kí wọ́n pa ẹnu dé, kí wọ́n máa kùn fún ìṣẹ́jú mélòó kan títí wọn á fi mọ̀ ọ́n lára pé ètè àti imú ń gbọ̀n. Ohùn tó bá gba ibẹ̀ jáde máa ń rìn jìnnà láìjẹ́ pé a fi agbára tì í.

Ibi tí èdè Yorùbá ti yàtọ̀ sí Faransé lórí ìtàgé nìyí, ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni kì í sì í kíyè sí i. Bí ọmọ bá ń pariwo, ohùn rẹ̀ á gun òkè, á sì jókòó síbẹ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ ò ní lè lọ sísàlẹ̀ mọ́, ohùn òkè náà ò ní lè ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, gbogbo rẹ̀ á wá di ọ̀kan ṣoṣo. Àwọn òǹwòran á gbọ́ ariwo, wọn ò ní gbọ́ ọ̀rọ̀. Ohun tó máa ń wo èyí sàn ni kí ọmọ kan kùn gbólóhùn rẹ̀ láìla ẹnu, ohùn rẹ̀ nìkan, bí ìgbà tí gángan ń sọ̀rọ̀, kí àwọn tó kù wá mọ ohun tó sọ láàárín gbólóhùn mẹ́rin tí wọ́n ti kọ sí pátákó. Bí wọn ò bá mọ̀ ọ́n, kó tún un kùn. Ìgbà tí wọ́n bá mọ̀ ọ́n ni kó tó fi ẹnu sọ ọ́. Lẹ́yìn náà kí àwọn ọmọ méjì-méjì kọjú sí ara wọn, kí ẹnì kan máa fà sẹ́yìn ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan títí àárín wọn á fi tó mítà 20, kí èkejì máa bá a sọ̀rọ̀. Kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ la ẹnu sí i, kó sì dín eré ahọ́n rẹ̀ kù, kó má kígbe.

Àléébù kejì tún wà nínú ohùn: gbólóhùn Yorùbá máa ń rọlẹ̀ bó ti ń lọ sópin, ibẹ̀ náà sì ni èémí ọmọ ti sábà máa ń tán. Ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn á wá rì sínú ọ̀fun. Ó burú púpọ̀ nítorí pé ẹ̀yìn gbólóhùn ni adùn ẹ̀fẹ̀ àti òwe wa ń gbé. Kí ọmọ mọ ibi tó ti máa mí, kó fi pẹ́ńsùlù fa ìlà kékeré síbẹ̀ nínú ìwé rẹ̀, kó sì máa fi èémí pa mọ́ de ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀, akọrin tó ń gbé agọ̀ jáde ní òru Ẹ̀fẹ̀, mọ èyí dáadáa. Bó bá ti dá orin tán, àwọn èèyàn á gbà á, òun náà á sì fi àsìkò yẹn sinmi. Orin ègbè inú eré ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lè ṣe irú iṣẹ́ kan náà, kí a fi í sí ẹ̀yìn ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti pọ̀ fún ọmọ kan.

Nípa ìdúró, a rò pé agbo ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ kọ́, kí wọ́n tó kọ́ ìtàgé tó ní iwájú kan ṣoṣo. Kí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì tàbí eérú fa òbìrí tí ìbú rẹ̀ tó mítà 6 sílẹ̀, kí àwọn tí kò ṣeré jókòó yí i ká, kí wọ́n fi ọ̀nà méjì sílẹ̀ tí eléré á máa gbà wọlé, tí á máa gbà jáde. Nínú agbo, ẹ̀yìn rẹ á kọ sí ẹnì kan ṣáá, nítorí náà o kò gbọdọ̀ dúró sójú kan ju gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta lọ. Bí ẹni méjì bá ń sọ̀rọ̀, kí wọ́n jìnnà síra díẹ̀, torí bí wọ́n bá sún mọ́ ara wọn jù, ẹnì kan á bo èkejì lójú ìdajì òǹwòran. Ọmọ tó bá mọ agbo lò kò ní tò sílà mọ́ bó bá dé gbọ̀ngàn. Ìlà títò yẹn, ìbẹ̀rù ló ń fà á: kò sẹ́ni tó fẹ́ dá dúró. Bí ẹni mẹ́ta bá wà lórí ìtàgé, kí wọ́n dúró bí ẹsẹ̀ àdògán. Ojú òǹwòran á rí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á sì lè máa wo ara wọn láìkọ ẹ̀yìn séèyàn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ kò gba ìwé rárá. Eré àtinúdá ni kí wọ́n máa ṣe, ìṣẹ́jú méjì fún ọmọ méjì. Ẹnì kan ń wá nǹkan, èkejì kò fẹ́ fún un: oníbàárà tó fẹ́ ra gàrí láwìn, ọmọ tó fẹ́ gbàyè lọ síbi ìgbéyàwó ní Pọ́bẹ̀, ọlọ́kadà tí aṣọ́bodè dá dúró ní Ìlárá. Òfin ibẹ̀ kò pọ̀. Ohun tí ẹnìkejì rẹ bá gbé wá, gbà á, kí o fi kún un. Bó bá sọ pé òjò ń rọ̀, òjò ń rọ̀ nìyẹn, má sọ pé oòrùn ń ràn. Kí ọ̀rọ̀ má sì di èébú, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ọmọ máa ń sá sí bí wọn ò bá mọ ohun tí wọn á sọ mọ́. Bó bá dà bẹ́ẹ̀, kí olùkọ́ pàtẹ́wọ́, kí wọ́n tún un ṣe láìsọ̀rọ̀, kí wọ́n fi ara nìkan wá ohun tí wọ́n ń wá. Ẹ̀rín tí kò ṣe é dá dúró náà máa ń yọjú lásìkò yìí. Ojú tó bá pàdé ojú láìsí iṣẹ́ lọ́wọ́ ló ń fà á. Ẹ fún ọmọ náà ní nǹkan tí á máa ṣe, kó máa ṣa ẹ̀wà tàbí kó máa ká aṣọ, ẹ̀rín á lọ.

Láti ọ̀sẹ̀ kẹrin ni wọ́n á ti máa kó ìtàn jọ. Àlọ́ àpagbè ló rọrùn jù, nítorí orin rẹ̀ ti wà níbẹ̀, ègbè sì ti fún ọmọ mẹ́wàá níṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó ń jẹ àwọn ọmọ gan-an náà wúlò: ọmọbìnrin tí wọ́n fẹ́ yọ kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ kó lọ máa ṣòwò, ọmọkùnrin tó ń gbé epo kpayo (epo bẹntiróòlù fàyàwọ́), tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó ń jà sí ilẹ̀. Kí wọ́n fi ẹnu ṣe é ní Yorùbá ilé wọn, ìbáà jẹ́ ti Kétu, ti Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí ti Ọ̀họ̀rí, kí wọ́n fi fóònù gbà á sílẹ̀, kí ọmọ méjì wá kọ ọ́. Bí wọ́n bá kọ́kọ́ fi Faransé kọ ọ́ kí wọ́n tó yí i padà, ó máa ń hàn nínú ọ̀rọ̀, nítorí kò sí bàbá kan ní Kétu tó ń bá ọmọ rẹ̀ wí lọ́nà bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n mú ọ̀nà ìkọ̀wé kan ṣoṣo, kí wọ́n má sì yà kúrò níbẹ̀: yálà ɛ, ɔ àti sh bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ní Bẹ̀nẹ̀, tàbí ẹ, ọ àti ṣ tí ìwé Nàìjíríà ń lò. A ti rí ìwé eré tí méjèèjì dàpọ̀ sínú rẹ̀, òǹkàwé a máa kọsẹ̀ ní gbogbo ìlà. Eré ìṣẹ́jú 20 sí 25 tó. Bí ìwé bá ti pé, kí olùkọ́ yẹ ojú ìwé tó gbẹ̀yìn wò, torí ibẹ̀ ni ọmọ ti máa ń gbé àgbà kan wọlé kó wá wàásù. Kí wọ́n yọ ọ́. Ohun tí eré ti fi hàn kò nílò ìwàásù.

Pípín ipa ni ó sábà máa ń ba ẹgbẹ́ jẹ́. Ọmọ tó bá gbọ́ Faransé jù lọ ni wọ́n ń fi ṣe ọba, àwọn tó kù á di ará ìlú, wọ́n á sì dúró sí ẹ̀yìn láìní iṣẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, kí ọmọ mẹ́ta mẹ́ta gbìyànjú ipa kọ̀ọ̀kan lójú gbogbo ẹgbẹ́. Ó máa ń ya olùkọ́ lẹ́nu pé ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì ló ní ohùn tí ọba fẹ́. Kí ẹni kọ̀ọ̀kan nínú ará ìlú sì ní orúkọ, iṣẹ́ tirẹ̀ àti ìdí tó fi wà níbẹ̀. Ẹni tí kò fẹ́ fara hàn lè máa bójú tó ẹrù, iná tàbí ìlù, iṣẹ́ gidi sì nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ máa ń bọ́ lórí ọmọ nítorí pé tirẹ̀ nìkan ló kọ́. Kò kọ́ gbólóhùn ìkẹyìn ẹni tó ń ṣíwájú rẹ̀, ìyẹn tó yẹ kó pè é. Kí ó fi ìlà sábẹ́ gbólóhùn yẹn, kó kọ́ ọ pọ̀ mọ́ tirẹ̀. Kó sì kọ́ ọ̀rọ̀ pọ̀ mọ́ ìrìn. Bó bá jẹ́ pé ìgbà tó ń gbé ìkòkò sọ̀kalẹ̀ ni yóò sọ ọ́, ìkòkò yẹn ni yóò rán an létí. Ìkòkò òfìfo kò sì dára. Ẹ bu iyanrìn sí i kí ọrùn ọmọ lè mọ̀ pé ẹrù wà lórí. Ní ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn, kí wọ́n ṣe ohun tí àwọn òṣèré elédè Faransé ń pè ní italienne: gbogbo wọn á jókòó, wọ́n á sọ gbogbo ọ̀rọ̀ eré láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ní kíákíá láìṣe ìrìn kankan. Ibi tí ẹnu bá ti há, ibẹ̀ ni kí wọ́n padà sí lọ́jọ́ kejì. Ẹni tó máa rán wọn létí lọ́jọ́ eré gbọ́dọ̀ ti wà níbẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ kẹjọ, kó lè mọ ìyàtọ̀ láàárín ìdákẹ́ tí eléré mọ̀ọ́mọ̀ dá àti ìdákẹ́ ẹni tó ti gbàgbé.

Maikirofóònù ọwọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé e tì. Ó ń gba ọwọ́ kan lọ́wọ́ eléré, ó ń so gbogbo wọn mọ́ ojú kan. Bí òǹwòran kò bá ju 150 lọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣeré níwájú ògiri, nítorí ògiri máa ń dá ohùn padà sọ́dọ̀ òǹwòran. Abẹ́ páànù kò ṣeé gbọ́kàn lé lásìkò òjò, ẹyọ òjò díẹ̀ ló máa gbé ọ̀rọ̀ gbogbo mì. Bó bá jẹ́ alẹ́, iná LED méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 50 wáàtì tó, lórí òpó tó ga tó mítà 3, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, kí méjèèjì dojú kọ àárín. Gílóòbù kan ṣoṣo lókè orí máa ń sọ ojú di ihò dúdú. Kí ẹ̀rọ amúnáwá wà lẹ́yìn ilé, kí ó jìnnà tó mítà 30, kí wáyà rẹ̀ nípọn, torí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń gbóná.

Bí wọ́n bá fẹ́ lo agọ̀ ojú, kí àwọn ọmọ fúnra wọn ṣe é. Ìwé ìròyìn àtijọ́ ni wọ́n á ya sí ìrépé tó fẹ̀ tó ìka méjì. Kí wọ́n fi omi tútù po ògì, kí wọ́n dà á sínú omi tó ń hó, kí wọ́n máa rò ó títí yóò fi ki bí ẹ̀kọ mímu, kí wọ́n fi iyọ̀ ṣíbí kan sí i kó má bàa bu. Kí wọ́n fi ọ̀rá bo ẹ̀yìn igbá kó má bàa lẹ̀ mọ́ ọn, kí wọ́n wá máa lẹ ìwé náà mọ́ ọn ní ìpele 4 tàbí 5. Kí ìpele méjì àkọ́kọ́ gbẹ nínú oòrùn kí wọ́n tó fi òmíràn lé e. Àwọn tó bá lẹ gbogbo rẹ̀ ní ọjọ́ kan, inú rẹ̀ á tutù, á sì hu èbu. Kí ihò ojú fẹ̀ tó kí ọmọ lè rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ní ti àtíkè, osùn àti ẹfun, kí wọ́n fi díẹ̀ pa á ní apá ní ọjọ́ tó ṣáájú kí wọ́n wò bóyá ara á kọ̀ ọ́. Ọ̀dà ilé kò gbọdọ̀ kan awọ ara rárá.

Agọ̀ tí wọ́n ṣe yìí kò gbọdọ̀ jẹ́ àwòkọ èyí tó wà nínú ilé Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Bí ẹgbẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ bá fẹ́ kọ́ ijó tàbí orin láti ibẹ̀, kí àwọn àgbà ilé-ẹ̀kọ́ kọ́kọ́ lọ rí Ìyálásẹ̀, obìnrin tó jẹ́ olórí Gẹ̀lẹ̀dẹ́, àti àwọn àgbà ẹgbẹ́, kí wọ́n gbàyè, kí wọ́n sì fi ara mọ́ ohun tí wọ́n bá ní kí a má fọwọ́ kàn. Ẹ̀kú egúngún àti igbe orò kì í ṣe nǹkan eré. A tún mọ̀ pé àwọn òbí Mùsùlùmí àti Kírísítẹ́nì wà tí ọkàn wọn kì í balẹ̀ bí wọ́n bá gbọ́ agọ̀. Ẹ pè wọ́n wá wo ìgbáradì ní ọ̀sẹ̀ kejì, kí wọ́n rí i fúnra wọn pé eré ni.

Ohun tó jẹ wá lógún jù lọ ni ààbò àwọn ọmọbìnrin. Kí ìgbáradì parí kí ilẹ̀ tó ṣú. Kí àgbàlagbà méjì máa wà níbẹ̀ nígbà gbogbo, kí ọ̀kan jẹ́ obìnrin, kí ìwé ìyọ̀ǹda òbí wà lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́, kí wọ́n máa kọ orúkọ ẹni tó wá àti wákàtí tó lọ. Bí ẹgbẹ́ kan kò bá lè ṣe èyí, kó má tíì bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó máa ṣe ìdánwò BEPC tàbí BAC, ẹ fún wọn ní ipa tí kò gùn, kí ọjọ́ eré sì ṣíwájú ìsinmi Ọdún Àjíǹde.

Ẹ̀bẹ̀ wa sí àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ni yàrá kan àti wákàtí mẹ́ta lọ́sẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà, kó má jẹ́ ìgbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ̀bẹ̀ wa sí ìwé ìròyìn yín, Olóòtú, ni pé kí ẹ máa fi ojú ewé kan lóṣù sílẹ̀ fún eré kúkúrú tí àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì fi Yorùbá kọ, kí àmì ohùn pé lórí rẹ̀, kí orúkọ ìlú wọn wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ tó wà ní Ṣábẹ̀ẹ́ á lè ṣe èyí tí àwọn ti Kétu kọ, àwọn ti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) náà á sì rí ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá gbà, a óò fi mẹ́ta àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí yín kí sáà yìí tó parí.

Àwa olùkọ́ àti òṣèré tí ń kọ́ ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní eré,
Kétu, Bẹ̀nẹ̀